Abidjan: Ìlú tí ìtàn so orúkọ rẹ̀ mọ́ ewé òrùlé, àti etíkun tí kì í dúró sójú kan

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Abidjan fẹ́ràn láti máa sọ fún àlejò. Wọ́n ní nígbà tí àwọn òyìnbó Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn káàkiri etí ọ̀sà, ọ̀kan nínú wọn pàdé bàbá arúgbó kan lójú ọ̀nà oko. Ewé ni bàbá náà rù, èyí tí ó fẹ́ fi tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe. Òyìnbó náà béèrè orúkọ abúlé tí ó wà nítòsí. Bàbá kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó rò pé ibi tí òun ti ń bọ̀ ni àlejò ń béèrè. Ó dá a lóhùn ní èdè Ébrié pé òun lọ gé ewé ni, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òyìnbó kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ sínú ìwé, ó pè é ní Abidjan.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, àlàyé mìíràn sì wà lórí orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí bá ìlú náà mu. Kí ilé gogoro àti afárá olókùúta tó dé, ewé, ọ̀pá igi àti amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé létí ọ̀sà yìí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọ́ ọ kò yà kúrò lára ọ̀nà tí wọ́n gbà ń bá omi gbé. Lónìí tí òkun ń jẹ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìmọ̀ àtijọ́ náà jẹ́, àti ohun tí ó yí padà nígbà tí ìlú ńlá dé.

Báwo ni ilẹ̀ Abidjan ṣe rí?

Ẹni tí ó bá ti dé Èkó yóò tètè lóye bí Abidjan ṣe rí. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù. Lẹ́yìn òkun ni ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan wà, tí ó nà láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn bí okùn. Lẹ́yìn iyanrìn náà ni ọ̀sà Ébrié wà, èyí tí ó gùn ju 100 kìlómítà lọ. Òdìkejì ọ̀sà náà, ní àríwá, ni ilẹ̀ pupa tí ó ga tí ó sì le ti bẹ̀rẹ̀.

Orí iyanrìn ni Port-Bouët àti Vridi jókòó sí. Treichville, Marcory àti Koumassi wà ní erékùsù Petit-Bassam, láàrin ọ̀sà. Plateau, Cocody, Adjamé àti Yopougon wà lórí ilẹ̀ pupa. Treichville kì í ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá: àwọn ará Ẹjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò, wọ́n sì ti ń bímọ ní Abidjan láti ìran dé ìran, àwọn ará ìlú náà sì máa ń pè wọ́n ní Anango.

Àwọn tí ó ti wà ní etí ọ̀sà kí ìlú tó dé pọ̀. Àwọn Ébrié, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Tchaman, ni wọ́n ni ilẹ̀ tí Abidjan wà lórí rẹ̀. Àwọn Alladian ń gbé lórí ilẹ̀ iyanrìn ní agbègbè Jacqueville. Àwọn Adioukrou wà ní apá Dabou, àwọn Aïzi wà nínú omi àti létí omi, àwọn N'zima àti Abouré wà ní Grand-Bassam, àwọn Avikam sì wà ní Grand-Lahou. Iṣẹ́ ẹja, iyọ̀, epo pupa àti gbágùúdá ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ra ní ọjà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé etí ọ̀sà?

Igi ògùrọ̀, ìyẹn ọ̀pẹ inú àbàtà tí a ń dá ẹmu rẹ̀ mu, ni orísun ohun ìkọ́lé tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Àárín imọ̀ rẹ̀ gùn, ó tọ́, ó fúyẹ́, ó sì le. Tí wọ́n bá ti gé e tí wọ́n sì ti sá a gbẹ, ó di ọ̀pá tí wọ́n lè fi ṣe ògiri, àjà, ilẹ̀kùn, ibùsùn àti ọgbà.

Òpó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rì. Igi líle tí ikán kò tètè jẹ ni wọ́n ń lò fún un. Wọ́n á rì í jìn nínú iyanrìn kí atẹ́gùn òkun má baà fà á tu. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á to àwọn ọ̀pá ògùrọ̀ mọ́ òpó náà, wọ́n á sì fi okùn inú igbó dì wọ́n. Wọn kì í lo ìṣó. Ilé tí wọ́n fi okùn dì máa ń mì díẹ̀ nígbà tí ìjì bá ń jà, kò sì tètè ya.

Ibi tí ògiri bá parí sí yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Lórí ilẹ̀ iyanrìn tí kò sí amọ̀ nítòsí, wọ́n lè fi ọ̀pá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí atẹ́gùn máa gba àárín rẹ̀ wọlé. Lórí ilẹ̀ pupa, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kì í mọ́ àárín ọ̀pá láti inú àti láti ìta, wọ́n á sì rẹ́ ẹ títí yóò fi dán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ lè wo ògiri ilé kan, kí ó sì mọ ibi tí ilé náà ti wá.

Òrùlé ni iṣẹ́ tí ó gba ìmọ̀ jù. Wọ́n á ká ewé ọ̀pẹ tàbí ewé ògùrọ̀ mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á ran án pọ̀ títí yóò fi di àjápọ̀ gígùn kan. Papo ni wọ́n ń pe irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń so ó mọ́ ẹkẹ, tí wọ́n á máa gun òkè lọ, kí ti òkè lè máa bo ẹnu ti ìsàlẹ̀. Òrùlé náà gbọ́dọ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ gidigidi, torí pé òjò oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ní Abidjan kì í ṣe òjò kékeré. Bí omi bá pẹ́ lórí ewé, ewé á jẹrà. Èéfín iná ìdáná tí ó ń gba inú òrùlé kọjá lójoojúmọ́ ló ń lé kòkòrò sá.

Irú ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ewé gbòdògì ni ọ̀pọ̀ ìlú inú igbó fi ń bo ilé. Ní Ọ̀yọ́ tí ó wà ní ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni, débi pé ọdún Bẹẹrẹ tí wọ́n ń ṣe fún Aláàfin wá láti inú gígé koríko tí wọ́n fi ń tún òrùlé ààfin ṣe. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì fi ń bo ilé. Bákan náà ni ó rí ní ọ̀dọ̀ àwọn Ébrié. Ìran mẹ́rin ni wọ́n pín ara wọn sí, èyí tí orúkọ wọn ń jẹ́ Blessoué, Gnando, Dougbo àti Tchagba, ìran tí ó bá sì wà ní ìdí agbára ni iṣẹ́ ìlú ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Ilé tí ó dúró lórí omi

Ní Tiagba, abúlé àwọn Aïzi ní apá ìwọ̀-oòrùn ọ̀sà, àwọn ènìyàn kọ́ ilé sórí òpó láàrin omi. Òpó náà gbé ilé ga ju ibi tí omi máa ń dé nígbà tí ó bá kún lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń jáde, abẹ́ ilé ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Ẹni tí ó bá ti dé Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin, tàbí tí ó bá ti dé Makoko ní Èkó tàbí àwọn abúlé Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ti mọ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pá ògùrọ̀ yìí kan náà ni àwọn apẹja fi ń ṣe ọgbà nínú ọ̀sà láti dá ẹja lọ́nà. Wọ́n á rì í ní ìlà gígùn, ẹja tí ó bá ń bá omi lọ á tẹ̀ lé ọgbà náà títí yóò fi bọ́ sí ibi tí kò ti lè jáde. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀pá, ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò igi inú àbàtà ń dá omi dúró níbi kan, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó ṣàn níbòmíràn. Ọwọ́ ènìyàn ti wà nínú bí ọ̀sà náà ṣe rí kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹ̀rọ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí odò bá gbé ọgbà náà lọ, ohun tí ó sọnù kò ju iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan lọ.

Àbùdá pàtàkì ilé etí ọ̀sà nìyí: kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ tí ó retí pé yóò wà títí láé. Òrùlé ń di títúnṣe lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Bí òkun bá sún mọ́ ilé jù, ẹni tí ó ni ín lè tú òpó àti ẹkẹ rẹ̀, kí ó sì tún un kọ́ sẹ́yìn. Ohun ìkọ́lé ń hù pa dà nínú àbàtà. Etíkun lè yí padà láìsọ ìlú di ahoro.

Ìgbà tí òyìnbó fẹ́ ilẹ̀ tí kò ní mì

Àwọn Faransé wá pẹ̀lú èrò mìíràn nípa ilé. Ní ọdún 1893 tí wọ́n sọ Côte d'Ivoire di ilẹ̀ àkóso wọn, Grand-Bassam ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú. Wọ́n kọ́ ilé ńlá ńlá sórí ilẹ̀ iyanrìn, pẹ̀lú ògiri tí ó nípọn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tí ó yí ilé ká kí oòrùn má baà kan ògiri. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa wọ́n ní ọdún 1899, wọ́n sì gbé olú-ìlú lọ sí Bingerville ní ọdún 1900. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá sí Abidjan, ní ọdún 1934.

Lónìí, ìlú àtijọ́ Grand-Bassam wà lára àwọn ibi ogún àgbáyé. Ọdún 2012 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, abúlé àwọn apẹja N'zima tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé òyìnbó náà sì wà nínú ohun tí wọ́n dá mọ̀.

Ìṣòro tí ó kù fún ìjọba amúnisìn ni ọkọ̀ ojú omi. Ìgbì òkun níbẹ̀ le, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ ńlá lè sá sí. Ní Grand-Bassam, wọ́n kọ́ afárá irin gígùn kan wọnú òkun ní ọdún 1901, wọ́n sì kọ́ òmíràn sí Port-Bouët ní ọdún 1931. Ọkọ̀ ńlá á dúró lókèèrè, wọ́n á fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù, wọ́n á sì fi agbọ̀n gbé èrò láti inú ọkọ̀ sórí afárá.

Vridi: ọjọ́ tí òkun wọ ọ̀sà

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti ń ronú láti la ilẹ̀ iyanrìn náà já kí ọkọ̀ lè wọ inú ọ̀sà. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ Port-Bouët, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí iyanrìn fi dí ojú ọ̀nà náà. Òkun kò gbà.

Ìdí rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Ìgbì tí ń bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn kì í dojú kọ etíkun gan-an. Ó máa ń kọlù ú ní ẹ̀gbẹ́. Bí ó ti ń kọlù ú, ó ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́. Odò iyanrìn ńlá kan ni ó ń ṣàn ní etíkun láìdúró, tí ó ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún mítà kúbíkì iyanrìn kọjá lọ́dọọdún. Ihò yòówù tí wọ́n bá gbẹ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀, yóò dí i.

Ohun tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni àfonífojì kan lábẹ́ òkun, tí àwọn Faransé ń pè ní Trou-sans-fond, ìyẹn ihò tí kò ní ìsàlẹ̀. Ó sún mọ́ etíkun Vridi gidigidi, ó sì jìn wọlẹ̀ lójijì. Àwọn ẹnjiníà pinnu láti gbẹ́ ọ̀nà omi náà sí ẹ̀gbẹ́ àfonífojì yìí, kí wọ́n sì fi òkúta ṣe ògiri wọnú òkun, kí iyanrìn tí ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn lè máa ṣubú sínú ọ̀gbun dípò kí ó dí ẹnu ọ̀nà. Ogun Àgbáyé Kejì dá iṣẹ́ náà dúró. Ní oṣù Keje ọdún 1950, omi òkun wọ inú ọ̀sà. Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 2.7.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni Abidjan tí a mọ̀ lónìí. Ìlú tí kò tó 100,000 ènìyàn ní ọdún náà ti ní ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ nígbà ìkànìyàn ọdún 2021. Kòkó, kọfí àti igi gẹdú gba Vridi jáde, sìmẹ́ńtì àti páànù sì gba ibẹ̀ wọlé. Páànù ni ó lé papo kúrò lórí ilé.

Níbo ni iyanrìn lọ?

Iyanrìn tí ó ṣubú sínú ọ̀gbun kò dé ìlà-oòrùn mọ́. Ìgbì òkun ní Port-Bouët ṣì ń gbé iyanrìn lọ bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tó láti dípò rẹ̀. Nítorí náà ni etíkun ibẹ̀ fi ń fà sẹ́yìn, tí ilé, ọ̀nà àti ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ fi ń wó sínú omi. Àwọn tí ń wa iyanrìn etíkun láti fi po sìmẹ́ńtì tún ń dá kún ìṣòro náà: etíkun ni wọ́n ń kó lọ kọ́lé.

Ọ̀sà náà yí padà pẹ̀lú. Omi iyọ̀ ń wọlé, ó ń jáde lójoojúmọ́ ní Vridi. Ní Grand-Bassam, níbi tí odò Comoé ti ń wọ òkun tẹ́lẹ̀, omi rí ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ́dọ̀ Vridi, iyanrìn sì dí ẹnu odò náà. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí odò sì kún, omi tí kò rí ọ̀nà jáde ń yà wọ inú ilé.

Ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ilé wa. Ní Èkó, ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sí ẹnu èbúté ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún dá iyanrìn dúró ní ìwọ̀-oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní Victoria Island. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté Cotonou àti ti Lomé ní nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ìlà-oòrùn ìlú méjèèjì. Ohun tí ìlú kan fi la ọ̀nà ọrọ̀ di gbèsè tí ẹni tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ń san. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó ní ọdún 1947, náà ń pàdánù ilé sọ́wọ́ òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tirẹ̀ kò rí bákan náà ní gbogbo ọ̀nà.

Abúlé tí ìlú gbé mì

Ìlú Abidjan kò lé gbogbo àwọn Ébrié kúrò. Blockhauss, Anono, Anoumabo, M'Badon, Locodjro àti Abobo-Doumé ṣì wà láàrin ìgboro, wọ́n ní olórí, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún ìran wọn. Ilé àwọn abúlé náà ti di ti búlọ́ọ̀kù, òmíràn tilẹ̀ ní àjà mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọn ti di ọ̀nà, afárá àti ilé ìjọba, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò sì tíì tán láàrin wọn àti ìlú. Ohun tí ó kù nínú ìmọ̀ àtijọ́ jù lọ ni apatam, ìyẹn àtíbàbà onípapo tí kò ní ògiri. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, òtútù rẹ̀ lọ́sàn-án sì dùn ju ti yàrá onípáànù lọ.

Iye àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń ran papo ń dínkù. Àbàtà tí ògùrọ̀ ń hù nínú rẹ̀ ti di ilé ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ewé ti wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí àbàtà bá lọ, omi òjò tí ó máa ń mu náà á wá ibòmíràn lọ.

Lahou-Kpanda: ibi tí ìbéèrè náà ti le jù

Ní ìwọ̀-oòrùn Abidjan, níbi tí odò Bandama ti ń wọ òkun, ni Lahou-Kpanda wà lórí ilẹ̀ iyanrìn tóóró láàrin òkun àti ọ̀sà. Ibẹ̀ ni ìlú Grand-Lahou àtijọ́ wà kí ìjọba tó gbé e lọ sórí ilẹ̀ gíga ní ọdún 1973. Àwọn tí kò kúrò rí i bí ilé òyìnbó, ilé ìwòsàn àti itẹ́ òkú ṣe bọ́ sínú omi. Àwọn ẹbí kan ní láti hú egungun àwọn bàbá wọn, kí wọ́n sì tún un sin sí ibi tí òkun kò tíì dé.

Báǹkì Àgbáyé àti ìjọba ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti tún ẹnu odò náà ṣe kí ilẹ̀ tí ó kù lè dúró. Ó ṣeé ṣe kí ó dá òkun lẹ́kun fún ìgbà kan. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja ibẹ̀ ti ní ọ̀nà tiwọn tipẹ́: ilé ọ̀pá àti ewé tí òkun bá lé, wọ́n á tú u, wọ́n á sì gbé e sẹ́yìn. Ohun tí wọn kò lè gbé ni itẹ́ òkú, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ́, ibẹ̀ sì ni omijé pọ̀ sí.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kí mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn pa dà sínú ilé ewé. Ewé tó bẹ́ẹ̀ kò sí, iná sì tètè ń jó o. Ohun tí ìmọ̀ etí ọ̀sà lè kọ́ ẹni tí ń kọ́lé lónìí kò ju ohun mẹ́ta lọ: kí ilé má sún mọ́ òkun jù, kí a gbé e ga kúrò ní ojú omi, kí a sì fi àbàtà sílẹ̀ fún omi. Bàbá tí òyìnbó pàdé lójú ọ̀nà mọ gbogbo rẹ̀. Ó tún mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun yóò tún pa dà wá gé ewé.